Òwú Tí Àǹtí Kọ́là Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìránṣọ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí mo fi ń lé ihò abẹ́rẹ́ kiri. Bí òwú bá ya ọ̀tún, màá tẹ̀ lé e. Bó bá ya òsì, màá tẹ̀ lé e. Orí rẹ̀ ti fẹ́ bí ìrù màlúù. Obìnrin tó jókòó síwájú mi yí padà, ó wò mí títí, ó wá béèrè pé, "Ṣé ò ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ ni, àbí ẹ̀yin méjèèjì ń jà?" Ó gba òwú náà, ó fi sẹ́nu, ó fi itọ́ rin ín, ó fi eyín iwájú tẹ orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì tì í bọ ihò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹnu ni kó o kọ́kọ́ fún un," ó wí. "Ọwọ́ á ṣe ìyókù."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Àǹtí Kọ́là nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi mí sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Aṣọ nọ́ọ̀sì àti aṣọ iléèwé là ń rán, ẹ̀rọ mẹ́tàlélógún ló wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ní ìlà mẹ́ta, fèrèsé wa sì kọjú sí ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀. Ẹnì kan ń gé aṣọ, ẹnì kan ń rán apá, ẹnì kan ń rán àpò. Kọ́là, ìyẹn ọrùn ẹ̀wù, ni tirẹ̀. Èmi, bọ́tìnì ni wọ́n fún mi, ọwọ́ ni mo sì fi ń rán an, nítorí ẹ̀rọ bọ́tìnì tí ọ̀gá ní òun máa rà, ọdún kọkànlá rè é, a ò tíì fojú kàn án. Àǹtí ló sọ mí ní Bọ́tìnì. Mo kọ́kọ́ bínú sí i, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Ẹ ò tíì rí ẹni tó mọ ọrùn ènìyàn bíi tirẹ̀. Bí a bá ń lọ ní títì, á wo ọrùn àjèjì, á sọ iye ínǹsì rẹ̀ fún mi láìyọ tépù. Bí ó bá rí ẹni tí kọ́là rẹ̀ wọ́, á káàánú onítọ̀hún bí ẹni pé ara rẹ̀ ò yá ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí kọ́là tí kò dọ́gba kúrò níwájú rẹ̀. Á tú u. Bó bá tún wọ́, á tún un tú. Àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á máa kùn, á sì dá wọn lóhùn pé àwọn ló ń kánjú, kọ́là ò kánjú. Ó tún ní ìwà kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kì í lè sọ àwàdà parí, nítorí ẹ̀rín á ti pa òun alára kó tó dé ibi tó dùn.

Ọdún kẹsàn-án tí mo débẹ̀ ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ó ní eruku aṣọ ni. Gbogbo wa gbà pé eruku aṣọ ni, a kúkú ń wúkọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ń rù. Ẹ̀wù rẹ̀ ń di àgbékọ́ sí i lára, òógùn sì ń bò ó láàárọ̀ tí ara gbogbo wa tutù. Nígbà tó wá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Ikọ́ ife ni. Oṣù méjì ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì lo oògùn nílé fún oṣù mẹ́rin sí i láìfo ọjọ́ kan. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó mú lẹ́tà dókítà dání, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pé ara rẹ̀ ti yá, pé kò lè ran ẹnikẹ́ni, pé kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tó dé, kò sẹ́ni tó bú u. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Wọ́n ní "Ẹ kú ewu," wọ́n sì ń fà sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí kọ́ọ̀bù rẹ̀. Kọ́là tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ìka méjì ni wọ́n fi ń mú un. Èmi ńkọ́? Mo sọ fún un pé oòrùn ojú fèrèsé ń pa mí lójú, mo sì gbé àpótí ìjókòó mi lọ sí ìlà kẹta. Oòrùn kì í dé ibi tí mo ti kúrò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kò burú, Bọ́tìnì," ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí "kò burú" yẹn, inú mi máa ń bà jẹ́.

Ó ṣàlàyé fún wa, kì í ṣe pé kò ṣàlàyé. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé àìsàn yẹn kì í gba ara kọ́ọ̀bù tàbí òwú ran ènìyàn, pé ikọ́ ẹni tí kò tíì gba ìtọ́jú ló ń fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́. A mi orí. Orí tí a mì yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò wọ inú rẹ̀. Nítorí tiwa nìkan, Àǹtí tún fi ohun kan kún un: kò fi òwú sẹ́nu mọ́. Á fi àlùmọ́gàjí gé orí rẹ̀ kó rí ṣóńṣó, á fi ìka méjì lọ́ ọ, á wá rọra tì í bọ abẹ́rẹ́. Ó máa ń pẹ́. Mò ń wò ó láti ìlà kẹta, n kò sì ro ohun tí mò ń wò.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gá Tépù là ń pè é, nítorí tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti wọn ènìyàn kẹ́yìn. Kò burú tó bí ẹ ṣe lè máa rò. Ẹ̀rù ló ń bà á pé àwọn tó ń gba aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wa á gbọ́, wọ́n á sì gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé kan káàkiri pé àwa òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù fún ẹ̀mí wa. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i láìjókòó, lórí ìdúró, bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ síbì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fún Àǹtí ní lẹ́tà ìdádúró. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ó ń fi òwú sẹ́nu nígbà iṣẹ́, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fi aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ìlera àwa yòókù sínú ewu.

Ilé ìránṣọ mẹ́rin ló wá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo wọn. Ìgbà yẹn la gbọ́ pé ó ti gba kóòtù lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oògùn ti gun obìnrin náà lórí. Ọ̀gá Tépù ránṣẹ́ sí i pé òun máa fún un ní owó kó má ṣe ẹjọ́ mọ́. Ó kọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe tíṣà, ló sọ ohun tó fi dá wọn lóhùn fún mi nígbà tí a pàdé lọ́nà. Àǹtí ní bí òun bá gba owó náà, òun ti gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa òun nìyẹn, kò sì ní sẹ́ni tó máa tún jẹ́ kí òun jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ́ láyé òun. Ìdí ẹ̀rọ òun lòun fẹ́ padà sí.

Èmi ni Ọ̀gá Tépù mú ní ẹlẹ́rìí. Ó ní èmi ni mo jókòó ti Àǹtí jù, èmi ni wọ́n á gbà gbọ́. Ó fọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ bọ́tìnì kún un, pé ó ti ń bọ̀ lọ́nà. N kò sọ pé rárá.

Mo ti wo fíìmù kóòtù tó pọ̀. Mo rò pé lọ́yà á máa na ìka sí ènìyàn, pé adájọ́ á máa gbá tábìlì. Kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Yàrá kékeré ni, fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ tí kò rí òróró, adájọ́ sì ń fọwọ́ kọ gbogbo ohun tí a bá sọ, débi pé bí o bá purọ́, wàá dúró kó kọ irọ́ náà tán kí o tó lọ sí òmíràn. Àǹtí jókòó níwájú. Ó ti sanra díẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù funfun kan, kọ́là rẹ̀ sì dúró gbọn-in lọ́rùn rẹ̀.

Mo búra. Lọ́yà ilé iṣẹ́ wa béèrè bóyá mo ti rí obìnrin yìí kó fi òwú sẹ́nu rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó. Mo ní kò lóǹkà. Òótọ́ ni méjèèjì. Kò béèrè ìgbà wo, èmi náà ò sì sọ ìgbà wo, ó bá jókòó tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lọ́yà Àǹtí dìde. Ọmọdébìnrin ni, ẹ̀yìn bàtà rẹ̀ ti jẹ, inú àpò ọ̀rá ló kó fáìlì rẹ̀ sí. Mo fojú kéré rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà?" ó béèrè. "Ṣé ẹ máa ń fi òwú sẹ́nu?"

"Rárá o," mo wí. "Wọ́n fún wa ní irin kékeré tí a fi ń fa òwú."

Òótọ́ ni pé wọ́n fún wa. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún wa náà ni gbogbo rẹ̀ sọnù. Adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń wo bíírò rẹ̀ ni mo rí i tí Àǹtí na ọwọ́, tó fa lọ́yà rẹ̀ ní apá aṣọ, tó sọ nǹkan sí i létí. Lọ́yà náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Àǹtí bá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú agolo pẹlẹbẹ kan jáde, ó yọ abẹ́rẹ́ kan àti ìdì òwú funfun nínú rẹ̀. Aránṣọ kankan kì í fi agolo bẹ́ẹ̀ sílé.

Lọ́yà tiwa fò dìde pé kóòtù kì í ṣe ibi ìránṣọ. Adájọ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ti gún un ni, ó sì ní kí wọ́n gbé e fún mi.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà," ọmọdébìnrin náà wí, "ẹ bá wa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí."

Ẹ gbọ́, inú mi dùn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe sì wá dé wàyí. Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni mò ń ṣe é lójúmọ́. Bí mo ṣe di abẹ́rẹ́ mú báyìí, ara mi balẹ̀, mo gbé e sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bí mo ṣe máa ń ṣe. N kò rántí ìgbà tí òwú náà dé ẹnu mi. Ohun tí mo rántí ni pé kóòtù pa lọ́lọ́. Mo gbójú sókè. Òwú ti kọjá nínú abẹ́rẹ́, itọ́ ń dán lórí rẹ̀, mo sì ń tọ́ òwú wò lórí ahọ́n mi.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo ilé sì gbà á. Akọ̀wé kóòtù gan-an dojú bolẹ̀. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Àwọn méjì ni kò rẹ́rìn-ín, adájọ́ tó ń kọ̀wé àti Àǹtí Kọ́là, tó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá rán bọ́tìnì sódì.

Lọ́yà náà dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. Ó wá béèrè, láìgbóhùn sókè, pé ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní Àǹtí ni.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, ṣé ẹ ti rí wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo wo Ọ̀gá Tépù. Ó gbé tépù náà wá sí kóòtù, ó sì di ìpẹ̀kun tépù náà méjèèjì mú. Mo rò ó pé mo lè ní n kò mọ̀. Ọ̀nà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mú mi. Ṣùgbọ́n òwú ṣì wà lẹ́nu mi, mo rí ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí bí mo ṣe ń rí i láti ìlà kẹta lójoojúmọ́, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ohun tí mo ti ń wò.

"Rárá," mo wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wọn ò fi òwú sẹ́nu mọ́. Wọ́n ń gé e ni. Nínú gbogbo wa lókè yẹn, àwọn nìkan ni kì í fi sẹ́nu."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi fọwọ́ sí ìwé tó ní wọ́n ń fi ẹ̀mí yín wewu?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ikọ́?"

"Ti ikọ́ lákọ̀ọ́kọ́," mo wí. "Nígbà tó yá, ẹ̀rù àwọn tó kù."

Adájọ́ kọ ìyẹn náà. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.

Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wá ọ̀nà tí n bá gbà kí a má pàdé, ṣùgbọ́n òun ló wá bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mò ń sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní ṣé mo rí kọ́là adájọ́ yẹn, pé ẹni tó rán an kò fẹ́ràn bàbá náà rárá. Kó tó sọ ọ́ parí, ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu. Èmi, ẹkún ni mò ń sun.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé màá fi sẹ́nu?" mo béèrè.

"Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ni?" ó wí, ó sì gba agolo rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ kà á fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àìsàn tó ti san kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé bí ìbẹ̀rù ogún ènìyàn ṣe pọ̀ tó, kò lè di ẹ̀rí, pé iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń ṣe bákan náà kò lè di ẹ̀bi ẹnì kan ṣoṣo. Kí wọ́n dá obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀gá Tépù kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko, mo sì kà á sí ìsinmi. Ẹ̀rọ bọ́tìnì kò dé náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló padà wọlé. N kò ì tíì rí ìgbà tí iṣẹ́ wù wá ṣe tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo orí ló tẹ̀ sórí aṣọ. Mo ti gbé àpótí mi padà sẹ́yìn rẹ̀ kó tó dé. Ó gbé kọ́ọ̀bù alámì pupa rẹ̀ sílẹ̀, ó ní àwọ̀ náà yẹ ẹ́. Ó ká aṣọ lórí ẹ̀rọ, ó nu eruku, ó mú kọ́là kan tí wọ́n rán nígbà tí kò sí nílé, ó wò ó síwá sẹ́yìn.

"Ṣé ọrùn ni wọ́n rán èyí fún," ó béèrè, "àbí orókún?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò dún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

Ó wá mú òwú láti fi sí ẹ̀rọ. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ gbé e lọ sẹ́nu tààrà. Àlùmọ́gàjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ti gbàgbé. Ó fi itọ́ rin ín, ó tì í sí ihò abẹ́rẹ́, kò wọlé. Ó tún tì í. Ojú rẹ̀ kì í ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ohun tó ṣe yé e, ó sì dá ọwọ́ dúró. Àwọn ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a fi ń gbọ́ òòlù ẹni tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀. Kò yíjú padà. Ó kàn na òwú náà sẹ́yìn.

"Bọ́tìnì," ó wí, "bá mi fi bọ̀ ọ́."

Mo dìde, mo gbà á. Orí òwú náà ṣì tutù, ó sì ti fẹ́. Mo lè gé e, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Gbogbo wọn ń wò mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n wò mí. Mo fi òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ sẹ́nu tèmi, mo fi itọ́ rin ín, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì tì í bọ ihò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àǹtí wo òwú náà, ó wò mí. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ọwọ́ á ṣe ìyókù," ó wí, ó sì fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kan dáhùn láti ìlà kejì, òmíràn dáhùn láti ìlà kẹta, títí gbogbo òkè náà fi ń pariwo bó ṣe máa ń pariwo.